Bí mo ṣe pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù Camry mi níwájú ilé

Òkè-Ìlèwó ló tú àṣírí ọkọ̀ mi. Camry 1999 ni, ẹ́ńjìnnì 2.2. Lójú títì tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Tó bá ti ń gun òkè, géèjì ìgbóná á máa sún sókè. Ta ló sì lè sá fún òkè l'Ábẹ́òkúta? Àràárọ̀ ni mò ń bu omi sí rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ táútáú. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ìdérí ọ́ìlì, mo bá nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, tó rí bíi tíì tí mílíìkì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹlẹbẹ tó wà láàárín tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) àti búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì), tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé, ti jóná.

Mẹkáníìkì tí mo fi hàn ní, "Mọ̀mí, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká lọ ra tòkunbọ̀." Ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀! Mo dúpẹ́, mo padà sílé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ràn mí lọ́wọ́. Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é. Títú rẹ̀ kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ: a da omi àti ọ́ìlì nù, a tú bẹ́líìtì táímìn, a fi téèpù sàmì sí gbogbo rọ́bà àti wáyà, a sì ń ya fọ́tò bá a ṣe ń lọ. Ibi tó gba ọgbọ́n ni káàmù ṣáàfù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan nínú àwọn jíà rẹ̀ jẹ́ awẹ́ méjì, sípíríǹgì wà láàárín wọn. Bóòlùtì 6 mm ni wọ́n fi ń de awẹ́ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó tú u. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sípíríǹgì á yí ọ̀kan kúrò lójú èkejì, ẹni tó fẹ́ dá a padà á sì jẹyán rẹ̀ níṣu.

Bóòlùtì mẹ́wàá ló de tọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀. Tá a bá ń tú u, láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sáàárín ni, díẹ̀díẹ̀, kí irin má baà wọ́. Nígbà tá a gbé e kúrò, a rí i: láàárín silíńdà kejì àti ìkẹta, gásíkẹ́ẹ̀tì ti dúdú, ó ti já.

Ká ní mo kàn fi tuntun lé e ni, ǹ bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé rúlà irin lé ojú tọ́ọ̀pù, mo sì ń ti abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo. Kò yẹ kí àlàfo ju 0.05 mm lọ. Èyí tó jẹ́ 0.10 wọlé wẹ́rẹ́. Tọ́ọ̀pù ti wọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onímáṣíìnì ní Láfẹ́nwá, wọ́n fá ojú rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, Ládiípọ̀ ní Múṣín ló ti wá. Ẹni tó bá mi rà á fi í rán awakọ̀ sí gáréèjì Kútọ̀.

Kí ló fà á gan-an? Mo ti fọwọ́ kan rédíétọ̀ kí n tó tú u: àárín rẹ̀ gbóná, ẹ̀gbẹ́ kan tutù. Ìpatà ti dí i pa. Irin ni búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì yìí, omi kànga lásán sì ni wọ́n ti ń bu sí i tipẹ́. Tẹmọsítáàtì, tó ń ṣílẹ̀kùn fún omi lọ sí rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná. Mo ra rédíétọ̀ àti tẹmọsítáàtì tuntun.

Nígbà tó kan dídè, ọmọ ní, "Àǹtí, ṣé a ò ní fi gọ́ọ̀mù sí i ni?" Mo ní rárá o, gbígbẹ ni gásíkẹ́ẹ̀tì yìí ń jókòó. Láti àárín la ti bẹ̀rẹ̀, ó di 49 Nm (ìwọ̀n agbára tá a fi ń de bóòlùtì), lẹ́yìn náà ọ̀kọ̀ọ̀kan á tún yí ní ìwọ̀n 90°. Kútẹ́ẹ̀sì pupa mi ni mo fi sàmì sórí bóòlùtì kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ èyí tó ti yí pé. Ìkẹfà le ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tú u, mo sì rántí: mi ò tíì nu ihò yẹn. Omi àti ọ́ìlì ló kún inú rẹ̀, bóòlùtì ń tì í mọ́lẹ̀. Irú èyí lè la búlọ́ọ̀kù. A tú gbogbo rẹ̀, a fi àkísà fa ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbẹ, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Inú bí mi sí ara mi.

Mo po kúláǹtì (oògùn omi rédíétọ̀) mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, mo ṣí ìdérí rédíétọ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, mo ṣíná. Èéfín funfun yọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, omi tó kù nínú sálẹ́ńsà ni, ó sì dá. Lọ́jọ́ kejì mo gun Òkè-Ìlèwó lẹ́ẹ̀mẹta. Géèjì ò kọjá ìdajì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo tún ọ́ìlì pààrọ̀, torí omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀. Dúdú lásán ló jáde.

Bàbá onílé ló kù tó ń bínú, nítorí ọ́ìlì tó rin sílẹ̀ níwájú ilé. Mo ti fi iyanrìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.