Bí mo ṣe rí owó ère gbà lára owó ilé ní Philadelphia

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́ ní Abẹ́òkúta. Ère onírin ni mo ń ṣe níbí. Ìlú yìí ní òfin kan tí mo fẹ́ràn gidigidi. Láti 1959, ẹni tó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àjọ tó ń tún ìlú kọ́ gbọ́dọ̀ ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìkọ́lé sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà tí ará ìlú máa lè rí. Abẹ́ òfin yẹn ni Clothespin ti jáde ní 1976, pẹ́ẹ̀gì aṣọ onírin gìrìwò tí Claes Oldenburg ṣe.

Nígbà tí ilé kan fẹ́ dìde lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo fi àwòrán ránṣẹ́: obìnrin mẹ́ta tó ru èso àti òdòdó lọ sódò. Ẹni tó bá mọ Odunde, ọdún tí wọ́n ti ń ṣe ní Philadelphia láti 1975, mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tò lọ fún Ọ̀ṣun ní odò Schuylkill.

Wọ́n mú mi. Mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ni owó ilé, 80,000 ló kan ère. Inú mi dùn títí mo fi jókòó ṣírò. Kọnkéré ìpìlẹ̀, 14,000. Ẹnjiníà tó máa fọwọ́ sí i pé kò ní wó, 6,000. Ìnṣọ́ránsì, 4,500. Ọkọ̀ àti kéréènì, 5,500. Iná alẹ́, 7,000. 43,000 péré ló ṣẹ́kù fún irin àti òógùn ojú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò látinú ilẹ̀.

Àwọn tó ń kọ́lé tún fẹ́ ka irin ọgbà wọn mọ́ iṣẹ́ ọnà. Ó dùn mí wọra, torí ọgbà tí wọn ì bá ṣe tẹ́lẹ̀ ni! Mo kọ lẹ́tà, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò sì kọ̀ fún wọn.

Ìpàdé àdúgbò ló wá yí iṣẹ́ náà padà. Mo gbé àpẹẹrẹ tí mo fi páálí ṣe sórí tábìlì. Màmá kan fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ó rẹwà. Ibo ni mo máa jókòó sí tí mo bá ń dúró de bọ́ọ̀sì?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n lọ tún un ṣe, Mà."

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo yọ ìpìlẹ̀ náà sókè nínú àwòrán, ó ga dé orúnkún, ó yí àwọn obìnrin náà ká, mo sì fi pákó tẹ́ ẹ. 1,200 ló fi kún un. Mo yọ ọ́ lára owó iná: gílóòbù mẹ́ta dípò mẹ́rin.

Oṣù 14 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Díẹ̀díẹ̀ ni owó ń wọlé, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò máa kùn ún àti ẹni tí yóò máa pààrọ̀ gílóòbù.

Lọ́sẹ̀ tí a ṣí i, mo gba ibẹ̀ kọjá. Màmá yẹn jókòó, ó gbé báàgì ọjà rẹ̀ ti ẹsẹ̀ obìnrin tó ru òdòdó, ó ń wo ọ̀nà bọ́ọ̀sì.