Róòsì àtijọ́ tó ń ta sánsán lára ògiri tí oòrùn kì í bá

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé róòsì kì í ṣe dáadáa níbi tí òjìji bá wà, ẹ bi í pé róòsì wo. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Woolwich, ní London, kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, ògiri bíríkì tó wà níbẹ̀ sì kọjú sí àríwá. Nígbà òtútù, oòrùn kì í kan án rárá. Nígbà ooru, ó máa ń rí díẹ̀ ní kùtùkùtù, ó sì tún máa ń rí díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ara ògiri yẹn ni róòsì mi wà. Láti ìparí oṣù karùn-ún ló ti máa ń tanná, ó sì máa ń tún un ṣe títí òtútù yóò fi dé.

Madame Alfred Carrière ni orúkọ rẹ̀. Joseph Schwartz ló mú un jáde ní ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé, ní 1879. Funfun ni, àmọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ẹ ó rí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ kò pọ̀, èyí sì ṣe pàtàkì níbi tí ọmọdé ń gbà kọjá. Òórùn rẹ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ rà á. Ẹ kò ní láti ti imú bọ inú òdòdó kí ẹ tó gbọ́ ọ: tí mo bá ṣí fèrèsé kíṣìnnì lẹ́yìn òjò, ó ti wọlé.

Inú ìdílé róòsì tí wọ́n ń pè ní Noisette ló ti wá. Charleston, ní South Carolina, ni ìdílé yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí John Champneys, olóko ìrẹsì kan, rí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ara róòsì ilẹ̀ Ṣáínà àti róòsì mìíràn tí wọ́n ń pè ní musk. A mọ àwọn tí wọ́n fi agbára mú láti ro oko ìrẹsì níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n, mi ò sì lè sọ ìtàn òdòdó yìí kí n fò wọ́n dá. Tí ẹ bá fẹ́ rí bí ti wa yìí ṣe ń tóbi tó, ẹ lọ sí ọgbà Sissinghurst ní Kent ní oṣù kẹfà. Vita Sackville-West, òǹkọ̀wé tó dá ọgbà náà sílẹ̀, àti ọkọ rẹ̀ gbin ọ̀kan sára South Cottage, ilé kékeré kan nínú ọgbà náà, ní 1930. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe igi kékeré: ó lè ga ju mítà 5 lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí ẹ gbin Zéphirine Drouhin ti 1868, torí pé kò ní ẹ̀gún, ó sì ń gba òjìji. Òótọ́ ni méjèèjì, òórùn rẹ̀ sì dùn gan-an. Ṣùgbọ́n níbi tó há, tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ dáadáa, ewé rẹ̀ máa ń tètè ní àbàwọ́n dúdú àti ìyẹ̀fun funfun. Ní ẹ̀yìnkùlé kékeré, èmi kò ní gbìn ín.

Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ irú òjìji tí ẹ ní. Òjìji ògiri yàtọ̀ sí òjìji igi. Níwájú ògiri, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé bí oòrùn tilẹ̀ fara pamọ́, tí ibẹ̀ bá sì rí oòrùn fún bíi wákàtí mẹ́ta nígbà ooru, ó ti tó fún róòsì yìí. Lábẹ́ igi ńlá, ewé bo ọ̀run, gbòǹgbò igi náà sì ń mu gbogbo omi tó wà nílẹ̀. Ẹ má gbin róòsì kankan síbẹ̀.

Ẹ ra èyí tí wọ́n hú láti oko tí kò sí erùpẹ̀ lára gbòǹgbò rẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni wọ́n ń tà á, owó rẹ̀ kò tó ti inú ìkòkò, ó sì ń tètè mú ilẹ̀. Tó bá ti dé, ẹ ki gbòǹgbò rẹ̀ bọ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún wákàtí méjì. Ẹ má gbẹ́ ihò sí ìdí ògiri gan-an. Òjò kì í rọ̀ dé ibẹ̀, bíríkì náà sì ń fa omi, òùngbẹ yìí ló ń pa róòsì tí àwọn èèyàn ń sọ pé òjìji ló pa á. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 45 sílẹ̀ láàárín ògiri àti ihò, kí ẹ sì dẹ igi náà síhà ògiri. Ilẹ̀ amọ̀ ni tiwa ní London, róòsì sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ tú ìsàlẹ̀ ihò náà dáadáa, kí ẹ da ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà pátápátá mọ́ erùpẹ̀. Ẹ ó rí ibì kan tó wú lára igi náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lẹ róòsì yìí mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn. Kí erùpẹ̀ bò ó díẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ẹ bu omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí i, kódà bí òjò bá ń rọ̀. Bí róòsì kan bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kó erùpẹ̀ ibẹ̀ kúrò, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ti gbọ́dọ̀ ta wáyà sára ògiri kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ ta á ní ìbú, ọ̀kan lókè èkejì, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 45 wà láàárín wọn. Kí wáyà má lẹ̀ mọ́ bíríkì, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn ewé kọjá.

Ọ̀rọ̀ dídè ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Róòsì kò dà bí iṣu tó ń fúnra rẹ̀ lọ́ mọ́ igi. Ẹni tó gbìn ín ló ń dè é, ibi tí ẹ bá sì darí ẹ̀ka rẹ̀ sí ni òdòdó yóò wà. Nínú òjìji, gbogbo ẹ̀ka ló ń sáré lọ sókè láti wá ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀, òkè òrùlé ni yóò ti tanná, àwọn aládùúgbò tó ń gbé lókè ni yóò sì máa gbádùn òórùn rẹ̀. Ojú, ìyẹn ibi tí ọ̀mùnú ti ń yọ, tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka ló ń dá àwọn ojú tó wà nísàlẹ̀ dúró. Tí ẹ bá tẹ ẹ̀ka náà kó sùn gbalaja lórí wáyà, agbára ojú òkè yẹn á dín kù, gbogbo ojú tó wà lára ẹ̀ka náà á sì yọ ọ̀mùnú, òdòdó á wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí òdòdó ní ìwọ̀n ibi tí imú yín wà. Ìgbà tí ẹ̀ka bá ṣì tutù, tó ń rọ̀, ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, torí èyí tó ti gbó yóò dá. Pélébé àǹkárá tó ti gbó ni mo fi ń dè é, nítorí kì í gé èèpo rẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí ẹ tú èyí tó bá ti fún mọ́ ọn lọ́rùn.

Omi ṣe pàtàkì ju ajílẹ̀ lọ. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, bí òjò kò bá rọ̀, ẹ bu lítà 10 sí ìdí rẹ̀ lọ́sẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀kan náà kó lè wọlẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ má wọ́n ọn sórí ewé. Ajílẹ̀ róòsì ní oṣù kẹta, òmíràn lẹ́yìn tí òdòdó àkọ́kọ́ bá ti rẹ̀ dànù, ó parí. Ẹ má fún un lẹ́yìn oṣù keje, torí ẹ̀ka rírọ̀ tó bá yọ lẹ́yìn náà, òtútù ni yóò pa á.

Oṣù kìíní tàbí ìkejì ni kí ẹ rẹ́ ẹ. Àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó ti yọ òdòdó, ẹ gé wọn kó ku ojú méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn ẹ̀ka ńlá tí ẹ dè, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àfi tí ọ̀kan bá ti gbó jù, kí ẹ gé e láti ìdí kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ má gé nǹkan kan àyàfi èyí tó bá ti kú.

Ìrì máa ń pẹ́ lórí ewé nínú òjìji, ohun tó ń fa àbàwọ́n dúdú nìyẹn. Ẹ ṣa gbogbo ewé tó bá jábọ́, kí ẹ jù wọ́n sínú ìdọ̀tí. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu oje ọ̀mùnú, àtàǹpàkò ti tó fún wọn.

Ọ̀mùnú tó bá jáde láti inú ilẹ̀, lábẹ́ ibi tó wú yẹn, ara gbòǹgbò kejì ló ti wá, kì í ṣe ti Madame. Ewé rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀. Ẹ wa erùpẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tó ti yọ, kí ẹ fà á ya kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá kàn gé e lókè, á tún padà wá.