Bí mo ṣe gba àkóso láìnì ilé-iṣẹ́ wa kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa yẹ bíìlì wò

Ohun tó mú kí n pinnu pé a ó kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa bójú tó ìnáwó tẹlifóònù ni pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ wa lórí iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Àdéhùn wa ni pé wọn yóò máa yẹ bíìlì gbogbo láìnì wa wò lóṣooṣù, wọn yóò máa bá wa pa láìnì tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, wọn yóò sì máa gba ìdá kan nínú owó tí ìyẹn bá dín kù fún wa. Nígbà tí mo jókòó ti àkọsílẹ̀ owó láìnì kọ̀ọ̀kan tó ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ wá gan-an, tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, mo rí i pé àwọn láìnì tí wọ́n ní àwọn ti pa ṣì ń mú owó wá. A ń san owó láìnì, a sì tún ń sanwó fún àwọn tó ní àwọn ti bá wa pa á. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gidigidi, nítorí èmi ni mo máa ń fọwọ́ sí ìwé kí a tó san owó náà jáde.

Fún ẹni tí kò bá mọ irú iṣẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ a máa ní láìnì fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń lo dátà àti íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíìlì kan ṣoṣo lè gùn débi pé ojú yóò máa ro ẹni tó ń kà á: owó dátà, owó fóònù tí a ń san díẹ̀díẹ̀, owó orí, owó ìpè láti ilẹ̀ òkèèrè, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá gbà síṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ iye láìnì tí a ní àti ọwọ́ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí ó máa fi bíìlì wé ìwé àdéhùn, kí ó sì máa bá ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fà á lórí owó tí kò tọ́.

Bí a ṣe yan ilé-iṣẹ́ tuntun kò gba àlàyé púpọ̀. A pè wọ́n, wọ́n fi iṣẹ́ wọn hàn wá, a sì dúnàádúrà. Ohun kan ṣoṣo tí mo dúró lé lórí ni pé a kò ní fi ìdá nínú owó tó dín kù ṣe owó iṣẹ́ mọ́, bí kò ṣe iye kan pàtó lórí láìnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gba ìdá kì í yára sọ fún ọ pé ètò tó wọ́n jù lo fi bẹ̀rẹ̀, torí pé bí owó bá ti pọ̀ tó níbẹ̀rẹ̀ ni ìdá tirẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn náà. Mo tún tètè kọ̀wé ìfòpinsí sí ilé-iṣẹ́ àtijọ́, nítorí pé irú àdéhùn báyìí sábà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe fún ọdún kan sí i bí a kò bá kọ̀wé ní nǹkan bí 60 tàbí 90 ọjọ́ kí ó tó parí. Èyí jẹ́ ohun ìwúrí fún mi títí di òní, nítorí wọ́n gbìyànjú láti sọ pé àdéhùn ti wọ ọdún mìíràn, ìwé ẹ̀rí pé lẹ́tà mi dé ọwọ́ wọn ni mo sì fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá há ni ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi ń jẹ́ kí oníbàárà ṣàkóso láìnì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tuntun ní láti wọ inú ìkànnì yìí kí wọ́n tó lè máa gba bíìlì wa, kí wọ́n sì tó lè ní kí a pa láìnì kan tàbí kí a yí ètò dátà padà. Alákòóso àgbà nìkan ló lè fi orúkọ ẹlòmíràn kún un. Nígbà tí mo gbìyànjú láti wọlé lórúkọ ilé-iṣẹ́ wa, kóòdù tó yẹ kí ó wá sí ímeèlì wa lọ sí ímeèlì òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ àtijọ́. Àwọn ni wọ́n forúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbaṣẹ́, kí n tó dé ipò tí mo wà, wọ́n sì fi orúkọ ara wọn sí ibi tí orúkọ tiwa yẹ kí ó wà. Ó dà bí ìgbà tí onílé ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó gbà láti máa bá a gbálẹ̀ kí ó tó lè wọ yàrá ara rẹ̀.

Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yí orúkọ náà padà. Wọ́n fèsì pé ẹ̀ka tó ń rí sí ìfòpinsí yóò bójú tó o. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò sí lórí ìjókòó. Báyìí ni wọ́n ń fi òní dọ́la, owó wa sì ń lọ. Nígbà tí ó sú mi, mo kọjú sí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fúnra wọn, wọ́n ní kí a mú ìwé àṣẹ wá: ìwé tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wa wà lórí rẹ̀, tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ wọn fọwọ́ sí, tí a to nọ́ńbà àkáǹtì kọ̀ọ̀kan sí, tí a sì sọ ọ́ kedere nínú rẹ̀ pé a ti gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. A kọ ìwé mìíràn láti fi ọ̀gá wa rọ́pò rẹ̀, a sì wá fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́.

Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní àwọn nọ́ńbà àkáǹtì tó wà nínú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ̀rù bà mí, nítorí láti inú fáìlì tí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ fún wa ni mo ti kọ wọ́n, fáìlì yẹn nìkan ló sì wà lọ́wọ́ wa. Mo gbé e wò finnífinní, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, ni wọ́n ti ṣí i, wọ́n fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Bí a kò bá sọ fún Excel pé ọ̀rọ̀ lásán ni kí ó ka nọ́ńbà kan sí, yóò yọ òdo tó wà níwájú rẹ̀ kúrò, kò sì ní tọ́jú ju 15 lọ nínú àwọn dígíìtì rẹ̀. Èyí tó bá kù yóò di òdo. Nọ́ńbà àkáǹtì tó fi òdo méjì bẹ̀rẹ̀ pàdánù òdo rẹ̀. Nọ́ńbà ara káàdì SIM, tó sábà máa ń jẹ́ dígíìtì 19 tàbí 20, sì fi òdo parí láti orí káàdì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Nọ́ńbà IMEI ti ara fóònù nìkan ló yè é, nítorí pé dígíìtì 15 péré ni.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe so kọ́ra: inú ìkànnì ni mo ti lè rí nọ́ńbà tó pé, nọ́ńbà tó pé ni mo sì nílò kí wọ́n tó lè jẹ́ kí n wọ inú ìkànnì. Ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ní fáìlì tí àwọn fún wa ti tó, àdéhùn kò sì ní kí àwọn tún òmíràn ṣe.

Ẹni tó tú wa sílẹ̀ ni ìyá kan tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó wa. Mo bi wọ́n bóyá bíìlì àtijọ́ kankan ṣì wà níbì kan. Wọ́n ní, “Ṣé ìwé tí a fi san owó jáde ni mo máa kó dànù?” Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì kó bíìlì tí a ti tẹ̀ sórí bébà jáde, èyí tó ti wà níbẹ̀ kí a tó gba ẹnikẹ́ni láti bá wa bójú tó o. Ní òkè ojú-ìwé àkọ́kọ́, lọ́wọ́ ọ̀tún, nọ́ńbà àkáǹtì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òdo méjèèjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí. A tún ìwé àṣẹ kọ, wọ́n gbà á, kóòdù sì wọlé sí ímeèlì tiwa.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo rẹ̀ rọrùn. Ilé-iṣẹ́ tuntun fa àkọsílẹ̀ láìnì wa láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n rí tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ń san owó dátà rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ ló wà, wọ́n rí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì tí a ti kó kúrò níbẹ̀, wọ́n sì pa wọ́n. Mo yẹ bíìlì tó tẹ̀ lé e wò fúnra mi láìgba ìròyìn ẹnikẹ́ni gbọ́, mo sì rí i pé lóòótọ́ ni wọ́n ti kúrò níbẹ̀.

Bí mo bá tún máa ṣe é, ímeèlì ni mo máa kọ́kọ́ bójú tó kí n tó kọ lẹ́tà ìfòpinsí rárá: ímeèlì tó jẹ́ ti ipò, tí kì í ṣe ti ènìyàn kan, tó sì wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ wa, ni yóò jẹ́ alákòóso àgbà lórí gbogbo ìkànnì, àwọn tí a gbà síṣẹ́ yóò sì máa wọlé lábẹ́ rẹ̀. Mo máa gba fáìlì gbogbo láìnì nígbà tí àárín wa ṣì gún, ní CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí a fi àmì kọ́mà pín), pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe ṣí i ní Excel kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Mo sì máa béèrè fún àkọsílẹ̀ gbogbo ẹjọ́ owó tí wọ́n ń bá ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fà lọ́wọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìwé àdéhùn máa ń fi gbèdéke sí àkókò tí a lè fi béèrè owó padà, ẹjọ́ tí kò bá sì ní ẹni tó ń lépa rẹ̀ lásìkò yìí yóò kú síbẹ̀.

Ní ti àwọn láìnì tó bí mi nínú, ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti kọ̀wé fún wa pé kò sí ẹni tó béèrè pé kí a pa wọ́n rí. Ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ti dá apá kan padà nínú owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà lórí wọn, agbẹjọ́rò wa sì ń lépa èyí tó kù.