Bí a ṣe ń tún ohùn rédíò mọ́tò ṣe láì ra sípíkà kún sípíkà

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tó ń fi Corolla kó èrò láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Kútọnu gbé mọ́tò rẹ̀ wá bá mi ní Wàndó. Ó ní, "Àbúrò, bá mi fi báfù méjì sí i. Orin yìí ò dùn létí mi mọ́." Mo wo inú ọkọ̀, mo kà wọ́n. Mẹ́jọ ló ti wà níbẹ̀: méjì nínú ilẹ̀kùn iwájú, méjì nínú ti ẹ̀yìn, mẹ́rin lára pákó tí wọ́n kàn sẹ́yìn ìjókòó. Ó tan rédíò. Ariwo gba inú ọkọ̀ kan, àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tí olórin ń wí, béèsì kò sì dé àyà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì fi owó yín sápò. Ẹ jẹ́ kí n yọ mẹ́rin ẹ̀yìn yìí ná, ká tún un gbọ́." Inú rẹ̀ kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó gbà. Bí mo ṣe tú wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn olórin yọ ketekete, a sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Báfù yìí náà ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sípíkà. Sípíkà ni n ó máa kọ, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ara wa.

Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀. Etí èèyàn ń gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n láti ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí sípíkà kan ṣoṣo tó lè sọ gbogbo rẹ̀ dáadáa. Èyí tó fẹ̀ ló lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀, òun la fi ń gbọ́ béèsì. Èyí tó kéré bí ìdérí ìgò ló lè yára gbọ̀n fún ohùn tín-ín-rín, òun là ń pè ní twítà. Nítorí náà, bí sípíkà bá pọ̀ torí pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra, ó dára. Wàhálà dé nígbà tí mẹ́jọ bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà láti ibi mẹ́jọ. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ̀ pé ìyáàlù ní tirẹ̀, omele ní tirẹ̀. Ẹ wá kó ìyáàlù 8 yí agbo ká, kí gbogbo wọn máa lu ohun kan náà, kí ti ọ̀kan máa fi díẹ̀ gbẹ̀yìn ti èkejì: ẹ ò ní mọ ohun tí ìlù ń wí mọ́.

Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́dọ̀ wa, apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí. Ká ní sípíkà ilẹ̀kùn òsì jìnnà sí etí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, tí ti ọ̀tún jìnnà ní 140. Ohùn kan náà yóò dé lẹ́ẹ̀mejì, èkejì yóò sì pẹ́ díẹ̀. Àárín wọn kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú, àmọ́ ní nǹkan bí 245 Hz (ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 245 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nígbà tí ti òsì bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ti ọ̀tún á máa fà á sẹ́yìn, wọ́n á sì pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Ohùn tí èèyàn fi ń kọrin wà níbẹ̀ dáadáa. Méjì péré sì nìyẹn o! Gbogbo èyí tí ẹ bá tún fi kún un yóò mú ihò tirẹ̀ wá, ìyẹn ibi tí ohùn ti ń sọnù.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ yan orin kan tí ẹ mọ̀ látòkèdélẹ̀, tí ohùn èèyàn pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá ibi tí rédíò ti ń darí ohùn síwájú àti sẹ́yìn, sí òsì àti ọ̀tún. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ síwájú, ẹ gbọ́. Òsì nìkan, ẹ gbọ́. Ọ̀tún nìkan, ẹ gbọ́. Èyí tó bá ń ha ti ya. Òun ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ má ra òmíràn tì í. Bí béèsì bá wà nígbà tí òsì ń ké nìkan, tó sì sọnù nígbà tí méjèèjì jọ ń ké, a jẹ́ pé wọ́n ti so wáyà ọ̀kan sódì.

Ohun tó ṣe Corolla ẹ̀gbọ́n yẹn gan-an nìyẹn, mo sì ń rí i ju bó ṣe yẹ lọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré, èyí tó jẹ́ 1.5 fọ́ltì, la fi ń wá a. Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rédíò kúrò pátápátá kọ́kọ́, kí iná bátìrì má baà wọ inú rédíò. Lára wáyà rédíò tí a ń rà lọ́tọ̀, funfun ni ti iwájú òsì, aláwọ̀ eérú ni ti iwájú ọ̀tún, aláwọ̀ ewé ni ti ẹ̀yìn òsì, elésè àlùkò ni ti ẹ̀yìn ọ̀tún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìkejì tó ní ìlà dúdú lára, nẹ́gátíìfù nìyẹn. Ẹ fi orí bátìrì kan èyí tí kò ní ìlà, kí ìdí rẹ̀ kan èyí tó ní ìlà, wéré báyìí, kí ẹ sì mú un kúrò. Kí ẹnì kejì máa wo sípíkà. Ẹ ó gbọ́ "pó". Bí awọ rẹ̀ bá yọ síta, ó dára. Bí ó bá wọ inú, ẹ yí wáyà ìdí rẹ̀ padà. Ti iwájú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n wọ inú lójú àwa méjèèjì. Mo yí i padà, béèsì tó ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí dé. (Ọ̀nà yìí kò ṣeé lò fún twítà, nítorí ẹ ò ní rí i kó mira.)

Èyí tó kàn ni ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ náwó sí. Sípíkà ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó sì ń tì í sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá tú bébà ilẹ̀kùn, èyí tó bo inú rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ihò tó gba ọwọ́ lára irin inú, tí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bò. Ihò yẹn ni ohùn ẹ̀yìn ń gbà jáde láti wá pàdé ti iwájú kó sì pa á. Ẹ dí wọn. Ẹ ra rọ́bà alẹ̀mọ́ tó ní fàdákà lójú, èyí tí wọ́n fi butyl ṣe. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà títì ṣe máa ń yọ́ nínú oòrùn wa. Ẹ nu irin náà mọ́ títí ọ̀rá kò fi ní sí lára rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ìta láti inú, lẹ́yìn náà kí ẹ fi bo àwọn ihò. Ẹ má dí ihò wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn o, òun ni omi òjò ń gbà jáde. Ẹ gbẹ́ pákó róbótó sí ìdí sípíkà, ẹ dè é kó le. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn nígbà tí béèsì ń lù. Bó bá ṣì ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ yín, iṣẹ́ kù.

Tí ẹ bá wá fẹ́ ra sípíkà, ẹ ra méjì tó dára fún iwájú, oníínṣì 6.5 bí ilẹ̀kùn bá gbà á, pẹ̀lú twítà méjì tí ẹ ó gbé sókè lẹ́bàá gíláàsì, kó kọjú sí yín. Bí owó bá kù, ẹ fi wúfà kan, ìyẹn sípíkà ńlá tí béèsì nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, kún un. Ti ẹ̀yìn lè dúró bó ṣe wà.

Ẹ má jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sára páálí rédíò tàn yín. "50W x 4" tí wọ́n ń kọ jẹ́ ti òkè téńté tí kì í pẹ́. Èyí tó ń jáde gan-an sábà máa ń wà láàárín wáàtì 15 sí 22 fún ẹnu kọ̀ọ̀kan tí a ń so sípíkà mọ́. Ọ̀pọ̀ rédíò ló jẹ́ pé sípíkà óòmù 4 ni wọ́n ṣe é fún (óòmù ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà). Bí ẹ bá so méjì pọ̀ mọ́ ẹnu kan ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó di óòmù 2: rédíò á gbóná, á máa kú fúnra rẹ̀, tàbí kó jó. Bí ẹ bá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ó di óòmù 8, agbára tó ń jáde á sì dín sí nǹkan bí ìdajì. Ní ọ̀nà méjèèjì, ẹ kò rí èrè.

Ẹni tó fẹ́ agbára, ámpílì ni kó rà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn rédíò kó tó dé sípíkà. Ẹ tú orí nẹ́gátíìfù bátìrì ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi fíùsì sára wáyà iná láàárín sẹ̀ǹtímítà 45 sí bátìrì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fò ó! Ámpílì wáàtì 300 ń fa ju ámpíà 25 lọ lára bátìrì fọ́ltì 12. Bí wáyà yẹn bá bó tó sì kan irin láì ní fíùsì, mọ́tò á jóná pẹ̀lú èrò inú rẹ̀. Ẹ ha ọ̀dà kúrò lára irin kí ẹ tó de wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn, kó sì kúrú. Wáyà iná gba ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀, wáyà orin gba ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ má baà máa gbọ́ híín tó ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ íńjínnì.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ohùn kò gba àkókò. Ẹ ní kí sípíkà ilẹ̀kùn máa bẹ̀rẹ̀ láti 80 Hz lọ sókè, kí wúfà gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ máa yí bọ́tìnnì ámpílì díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi fẹ́ máa ya, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀. Kí ìpọ̀jù ohùn wà níwájú, kí ti ẹ̀yìn máa dún wẹ́rẹ́ fún èrò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní etí lè gba 80 dB (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, àmọ́ bó bá di 90 dB, wákàtí 4 péré ni. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni ẹ̀gbẹ́ yín tó gbọ́, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n onímọ́tò padà wá lọ́jọ́ kẹta, a jọ dí ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì. Ó ní kí n bá òun tú pákó ẹ̀yìn kúrò. Àpò gàrí èrò ló ń kó síbẹ̀ báyìí.