Bí mo ṣe gbé ọgọ́rin ọdún Mama lọ sórí sáfà tara mi

Nígbà tá a ṣe ìsìnkú Bàbá, òpó ayélujára ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ ni mo gbé fídíò ẹ̀ sí káwọn ẹbí tó wà lókè òkun lè máa wò ó bó ṣe ń lọ, onífújì ò tíì kọrin dé ibì kan tí wọ́n fi gé wa, wọ́n ní orin olórin là ń lò. Àǹtí mi tó wà ní Peckham pè mí, "Ṣé NEPA ti ṣe é ni?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Torí ẹ̀, nígbà tí ọgọ́rin ọdún Mama dé, mo ní sáfà tara mi, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín fídíò fáwọn tó ń wò, ni màá lò.

Mo rẹ́ǹtì VPS kékeré kan (sáfà tí wọ́n ń fi háyà lórí ayélujára), Ubuntu ni ètò tó ń darí ẹ̀, ti London ni mo mú torí ibẹ̀ làwọn tó máa wò pọ̀ sí jù. Mo fi nginx, ètò tó ń pín nǹkan lórí ayélujára, àti libnginx-mod-rtmp, àfikún tó ń jẹ́ kó lè gba fídíò ní èdè rtmp, sí i, àṣẹ apt install lásán ni. Mo wá ṣí nginx.conf, fáìlì tí wọ́n ń kọ ìtọ́ni nginx sí, mo kọ ti rtmp sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ìta abala http ni o, ẹ má kì í bọ inú ẹ̀: listen 1935, application live, live on, record off. Nínú OBS, ètò tó ń fi fídíò ránṣẹ́ látorí kọ̀ǹpútà mi, mo mú Custom, mo kọ rtmp:// pẹ̀lú IP sáfà (nọ́ńbà àdírẹ́sì ẹ̀) àti /live, mo fi mama80 ṣe stream key (orúkọ tí fídíò náà ń jẹ́), mo tẹ Start Streaming, kò lọ. Mo tún gbogbo ẹ̀ kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, inú ti ń bí mi, àṣé ufw, ètò ààbò sáfà náà, ló ti pọ́ọ̀tù 1935 pa, ẹnu ọ̀nà tí rtmp ń gbà wọlé. Bí mo ṣe ṣí i báyìí ló wọlé wẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n bíráwúsà fóònù ò gbọ́ èdè rtmp, HLS ló ń gbọ́, ìyẹn ló máa ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́. Mo fi hls_fragment, gígùn wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, sí 3s, síbẹ̀ àwòrán ń pẹ́ kó tó dé, ó lé ní ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdù. Ibi tí keyframe (àwòrán odindi tó dá dúró) bá wà nìkan ló ti lè gé e, èmi sì fi Keyframe Interval OBS sílẹ̀ sí 0. Mo sọ ọ́ di 2, ó bọ́ sí bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

720p ni mo lò, 2500 kbps, ìyẹn á jẹ bíi 1.1GB dátà ní wákàtí kan látọ̀dọ̀ wa. Sáfà ló ń jẹ ìyà tó kù, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń wò ló ń fa tiẹ̀, ogójì èèyàn ti di 100 Mbps nìyẹn, ẹ wo iye tí VPS yín gbà kẹ́ ẹ tó pín línkì káàkiri ẹbí. Ẹ̀rù kan tún bà mí: stream key yẹn kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù rárá, ẹni tó bá mọ IP lè gbé fídíò ìdọ̀tí wọlé Mama! Mo fi on_publish síbẹ̀ kó máa bi sìkírípítì kékeré kan léèrè, tí kọ́ọ̀dù ò bá bá a mu, ó lé e padà.

Lọ́jọ́ náà, mo so MiFi mọ́ irin fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ ń ké, onífújì kọrin débi tó wù ú. Àǹtí mi wà lórí fóònù pẹ̀lú wa, bá a ṣe pariwo "Mama ti gé kéèkì!" lòun náà pariwo, "Ẹ dúró jàre, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ Mama níbí!"