Bí a ṣe ń gbé Grav sórí Windows
Grav, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì, kò nílò dátábéèsì rárá, inú fáìlì lásán ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ìyẹn ló mú kó yẹ kọ̀ǹpútà tí kò lágbára. Kọ́kọ́ fi XAMPP, ètò tó ń gbé Apache (olùpèsè ìkànnì) àti PHP wá, sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Lẹ́yìn náà, ṣí C:\xampp\php\php.ini, wá extension=gd àti extension=zip. Bí àmì ; bá wà níwájú wọn, pa á rẹ́, kí o sì tọ́jú fáìlì náà. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há.

Tú fáìlì zip Grav tó ní Admin (ojú ìwé ìṣàkóso) nínú sí C:\xampp\htdocs, tan Apache, kí o lọ sí localhost/grav-admin. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí o máa ṣe níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tó lẹ́tà 8, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà.

Apache kọ̀ láti tàn? Ó ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn ti gba ojú ọ̀nà (port) 80. Nínú httpd.conf (fáìlì ìṣètò Apache), sọ Listen 80 di Listen 8080, kí o sì máa lo localhost:8080/grav-admin.