Bí A Ṣe Ń Mọ Orílẹ̀-Èdè Tí A Bọ́ Sí Nígbà Tí Ẹkùn Kan Bá Gba Òmìnira

Gúúsù Sudan yà kúrò lára Sudan, ó sì di orílẹ̀-èdè olómìnira ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2011. Kí ọdún kan tó yí po, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n bí sí Khartoum, olú-ìlú Sudan, tí wọ́n kàwé níbẹ̀, tí wọ́n sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti di àjèjì ní ìlú tí wọ́n mọ̀ sí ilé, nítorí pé ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá ni òfin wò, kì í ṣe ibi tí àwọn fúnra wọn ń gbé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló há sí èbúté Kosti pẹ̀lú ẹrù wọn, tí wọ́n ń retí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn lọ sí gúúsù.

Àlàyé yìí kò dá sí ìjiyàn bóyá ó yẹ kí ẹkùn kan yà kúrò lára orílẹ̀-èdè tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó wà fún ni pé kí ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kàn, ìbáà jẹ́ pé inú ẹkùn náà ni ó ń gbé tàbí pé òkè òkun ni ó wà, lè mọ ohun tí yóò wò, ìwé tí yóò kó jọ, àti ìgbà tí yóò ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ya ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè

Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ènìyàn ni pé, "Ṣé páspọ́ọ̀tù mi yóò ṣì ṣiṣẹ́?" Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n òun ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Òfin ni ó ń sọ ẹni di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìwé ìrìnnà kàn ń jẹ́rìí sí ohun tí òfin ti sọ ni. Ẹnìkan lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan láìní ìwé ìrìnnà rẹ̀ rí, ìwé ìrìnnà sì lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí òfin ti gba ipò ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nǹkan kẹta tún wà, èyí tíí ṣe ẹ̀tọ́ láti máa gbé ìlú kan àti láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí lè wà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, ó sì lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rò pé kò lè bọ́ lọ́wọ́ òun láé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ìtàn ìran yín sílẹ̀, kí ẹ sì wá ẹ̀rí sí i

Ohun mẹ́rin ni irú òfin báyìí sábà máa ń béèrè: ibi tí a bí ọ sí, ibi tí a bí àwọn òbí rẹ sí, ibi tí a bí àwọn òbí wọn sí, àti ibi tí o ń gbé ní ọjọ́ kan pàtó. Òfin tí Gúúsù Sudan ṣe ní ọdún 2011 tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ó fa okùn náà dé ọ̀dọ̀ òbí àwọn òbí àgbà, ìbáà jẹ́ láti ìhà ìyá tàbí láti ìhà bàbá. Ó tún gba ẹni tí ó bá jẹ́ ara ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ó gba ẹni tí òun tàbí àwọn òbí rẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀ láìdáwọ́dúró láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1956, ọjọ́ tí Sudan gan-an gba òmìnira.

Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní ọdún 1960, ipò ẹni tí a bí sí Èkó yàtọ̀ lójú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí ti ẹni tí a bí sí Ìbàdàn tàbí Oǹdó, nítorí pé ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ní tààrà ni wọ́n ka Èkó sí, nígbà tí àwọn yòókù wà lábẹ́ ààbò lásán. Òfin ọdún 1960 kó méjèèjì pọ̀: ẹni tí a bá bí sí Nàìjíríà kí òmìnira tó dé di ọmọ Nàìjíríà lọ́jọ́ náà, bí a bá ti bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ tàbí àwọn òbí wọn síbẹ̀. Ọmọ oníṣòwò láti ilẹ̀ Lẹ́bánónì tí a bí sí Èkó, ṣùgbọ́n tí a bí bàbá, ìyá àti àwọn òbí wọn sí òkè òkun, kò bá wọn wọlé fúnra rẹ̀. Ó ní láti lọ béèrè.

Nítorí náà, ẹ jókòó ti àwọn àgbà nínú ẹbí nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí ẹ sì kọ orúkọ, ìlú tí a bí olúkúlùkù sí, àti ọdún sílẹ̀ dé ìran kẹta ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìwé tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwé owó orí, ìwé ìrìnnà àtijọ́ tí àwọn òbí fi sílẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ẹ lọ búra ọjọ́ orí ní ilé ẹjọ́. Ẹ wò ó dáadáa pé bákan náà ni wọ́n kọ orúkọ yín sínú gbogbo wọn. "Adéṣínà" nínú ìwé kan àti "Shina" nínú òmíràn ti tó láti dá ènìyàn padà lẹ́nu fèrèsé. Ẹ̀dà wọn yẹ kí ó wà ní ibi méjì tí ó jìnnà síra, nítorí pé ìyapa ẹkùn kì í fìgbà gbogbo lọ ní ìrọ̀rùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka òfin ìhà méjèèjì, pàápàá ti orílẹ̀-èdè tí ẹkùn náà ń kúrò nínú rẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Gbogbo ojú máa ń wà lára ìjọba tuntun, nítorí pé òun ni ó ń pe ènìyàn wọlé, nígbà tí ó jẹ́ pé òfin ìjọba àtijọ́ ni ó ń tini jáde.

Ẹ wo bí ó ṣe rí ní Sudan. Kété tí Gúúsù yà, ìjọba Khartoum tún òfin rẹ̀ ṣe pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti di ọmọ Gúúsù Sudan, ìbáà jẹ́ nínú òfin tàbí nínú ìṣe, kì í ṣe ọmọ Sudan mọ́. Ẹ rántí pé òfin Gúúsù ti ka ẹni tí òbí àwọn òbí rẹ̀ àgbà wá láti ibẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, yálà ó béèrè tàbí kò béèrè. Tí a bá so òfin méjèèjì pọ̀, ẹni tí kò fọwọ́ sí ìwé kankan, tí kò sì tíì dé Juba, olú-ìlú Gúúsù Sudan, rí, lè pàdánù Sudan tí ó mọ̀. Gúúsù gba ènìyàn láàyè láti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Khartoum ni kò gbà á fún àwọn ará Gúúsù. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn wá láti Gúúsù, tí ìyá wọn sì jẹ́ ará Àríwá, wà lára àwọn tí ìyà náà jẹ jù.

Irú àìdọ́gba yìí yọjú nínú ètò Skọ́tláǹdì pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó dìbò pé kí wọ́n má yà kúrò lára Brítéènì ni wọ́n borí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Ìjọba Skọ́tláǹdì ní àwọn yóò gba gbogbo ọmọ ilẹ̀ Brítéènì tí ó ń gbé ibẹ̀ àti àwọn tí a bí síbẹ̀, kí wọ́n sì máa jẹ́ ọmọ ìhà méjèèjì bí wọ́n bá fẹ́. Ìjọba London kò ṣèlérí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀ láǹfààní láti dìbò náà nítorí pé Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ìdìbò kò sọ wọ́n di ọmọ Skọ́tláǹdì.

Ọmọ Nàìjíríà tí irú nǹkan báyìí bá bá lókè òkun ní òfin kẹta láti kà, èyíinì ni òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà lè gba ti orílẹ̀-èdè mìíràn mọ́ ọn láìsí ewu. Ẹni tí ó jẹ́ pé ìwé ni ó fi di ọmọ Nàìjíríà lè pàdánù rẹ̀ bí ó bá gba òmíràn.

Àdéhùn láàárín ìjọba méjì náà tún yẹ ní kíkà. Sudan àti Gúúsù Sudan fọwọ́ sí ọ̀kan ní Addis Ababa ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, tí ó fún àwọn ènìyàn wọn ní àǹfààní láti máa gbé, láti máa rìn, láti máa ṣòwò àti láti ní dúkìá ní ìhà kejì. Ìmúṣẹ rẹ̀ kò yá bí ìfọwọ́sí rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ fi Bakassi sílẹ̀ fún Kamẹrúùnù, àdéhùn ọdún 2006 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ọmọ Nàìjíríà tí ó wà níbẹ̀ kúrò, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ipá yí i padà di ọmọ Kamẹrúùnù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì

Slovenia yà kúrò lára Yugoslavia ní oṣù Kẹfà ọdún 1991. Ó fún àwọn ará ẹkùn Yugoslavia yòókù tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà péré láti béèrè pé kí a kà wọ́n mọ́ ọmọ onílẹ̀. Àwọn kan kò gbọ́, àwọn kan rò pé ìwé ìgbélùú tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ti tó, wọ́n sì kọ̀ fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1992, ìjọba pa orúkọ 25,671 ènìyàn rẹ́ kúrò nínú ìwé àwọn olùgbé, láìfi tó wọn létí. Ìgbà tí wọ́n lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe, tàbí tí wọ́n lọ gba ìwé fún ọmọ tuntun, ni àwọn mìíràn tó mọ̀. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù dá wọn láre ní ọdún 2012, ogún ọdún lẹ́yìn náà. Bí ìkéde bá ti jáde, ẹ kọ ọjọ́ ìparí sílẹ̀, ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí tí ó ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lára.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún ohun tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ fún. Kí ènìyàn tó lè dìbò òmìnira Eritrea kúrò lára Ethiopia ní oṣù Kẹrin ọdún 1993, ó ní láti jẹ́ ọmọ Eritrea gẹ́gẹ́ bí òfin wọn ti ọdún 1992. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé Ethiopia dìbò náà, wọ́n sì ń bá ayé wọn lọ ní Addis Ababa. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ní ọdún 1998, ìdìbò yẹn gan-an ni Ethiopia fi sọ wọ́n di àjèjì, tí ó sì lé ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn jáde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nísinsin yìí, ẹ wá sórí ìwé ìrìnnà

Ìwé ìrìnnà Gúúsù Sudan kò jáde títí di oṣù Kìíní ọdún 2012, ìyẹn nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn òmìnira. Ẹ má ṣe ju ti àtijọ́ nù, ẹ má sì fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìgba ìwé ẹ̀rí, nítorí pé físà tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣì wúlò, òun náà sì ni ẹ̀rí ohun tí ẹ ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fún tuntun, ẹ béèrè ní ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ lọ bóyá wọ́n ń gbà á. Gúúsù Sudan wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kẹtàléláàádọ́wàá láàárín ọjọ́ márùn-ún, nítorí náà ìwé rẹ̀ kò rí wàhálà púpọ̀. Somaliland ti kéde ara rẹ̀ ní olómìnira láti ọdún 1991, ó sì ń tẹ ìwé ìrìnnà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè ló ń gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ìhà méjèèjì bá kọ̀ yín

Ẹ má ṣe gba ìdáhùn ẹnu. Ẹ béèrè pé kí ìhà kọ̀ọ̀kan kọ ìdí tí kò fi gbà yín sórí ìwé, nítorí pé ìwé méjèèjì yẹn ni agbẹjọ́rò yóò fi pe ẹjọ́, òun náà sì ni ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn olùwá-ibi-ìsádi, tí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní orílẹ̀-èdè tún wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1961, tí Nàìjíríà wọ̀ ní ọdún 2011, sọ pé bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ náà bọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò gba ẹni tí ìyípadà náà ìbá sọ di aláìní-orílẹ̀-èdè. Ẹ mú ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé lọ́jọ́ òmìnira dání pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìwé iná mànàmáná tàbí rìsíìtì owó ilé.